Ewé àti Egbò Tí Wọ́n Ní Ó Ń Lé Ebi: Èwo Ni Òótọ́ Ibẹ̀?

Lọ́dọọdún, bí Iléyá bá ti ń sún mọ́lé, tí àwọn Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ ní Ìjẹ̀bú-Òde sì ti ń pín aṣọ tí wọn yóò wọ̀ lọ sí Ojúde Ọba, irú lẹ́tà kan ni ó máa ń pọ̀ jù lórí tábìlì mi. Ìyá kan yóò kọ̀wé pé bùbá èṣí kò gba apá òun mọ́. Bàbá kan yóò ní agbádá bo ikùn òun lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun kò lè gun àtẹ̀gùn ilé òun láì dúró mí lẹ́ẹ̀mẹta. Ní ìparí lẹ́tà, ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi mí: “Wọ́n ní ewé kan wà, wọ́n ní egbò kan wà, tí ènìyàn ń mu tí ebi kì í fi í pa á. Ṣé kí n rà á?”

Ọ̀rọ̀ aṣọ kò dùn mí púpọ̀, nítorí télọ̀ lè tú ojú rírán. Ohun tí ó ń kọ mí lóminú ni pé, nínú àwọn tí ń kọ̀wé yìí, a rí ẹni tí ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, a rí ẹni tí ó ní àtọ̀gbẹ, a sì rí abiyamọ tí ọmọ rẹ̀ ṣì ń mu ọyàn. Bí irú wọn bá ṣi egbò mu, ọ̀rọ̀ lè di ti ilé ìwòsàn. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí á fi ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ yìí wo ohun tí àwọn onímọ̀ ti rí nípa àwọn ohun ọ̀gbìn tí a ní wọ́n ń dín ebi kù, kí olúkúlùkù lè mọ èyí tí yóò fi ọwọ́ kàn àti èyí tí yóò sá fún.

KÍ NI EBI?

Àwọn àgbà ní ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Òótọ́ ni, nítorí pé ìránṣẹ́ ni ebi jẹ́ nínú ara, ọpọlọ sì ni ó ń jẹ́ iṣẹ́ fún. Bí ikùn bá ṣófo, ó máa ń tú èròjà kan sínú ẹ̀jẹ̀. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Japan ni wọ́n ṣàwárí rẹ̀ ní ọdún 1999, orúkọ rẹ̀ sì ni ghrelin. Èyí ni ó ń lọ sọ fún ọpọlọ pé oúnjẹ ti tán. Bí a bá jẹun tí ikùn sì fẹ̀, iṣan tí ó ti ikùn lọ sí ọpọlọ yóò ròyìn pé ó tó gẹ́ẹ́. Ọ̀rá ara náà ní ìròyìn tirẹ̀: èròjà leptin, tí a ṣàwárí ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1994, ni ó ń sọ iye ọ̀rá tí a ní nípamọ́.

Ẹ ṣàkíyèsí pé ìròyìn àyó kì í dé lójú ẹsẹ̀. Ó máa ń tó nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú kí ó tó délẹ̀ dáadáa. Ẹni tí ó fi ìṣẹ́jú márùn-ún gbé àwo èbà kan mì ti jẹ kọjá àyè rẹ̀ kí ọpọlọ tó gbọ́.

Láti inú àlàyé yìí, ẹ ó rí i pé ọ̀nà mẹ́ta ni ohun ọ̀gbìn lè gbà dá ebi dúró. Ó lè wú nínú ikùn kí ikùn rò pé òun ti yó. Ó lè ta iṣan jí kí ebi sá sẹ́yìn fún ìgbà díẹ̀. Tàbí kí ó yí iṣẹ́ tí a rán sí ọpọlọ padà. Ẹ jẹ́ kí á mú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí á sì bẹ̀rẹ̀ láti ilé.

OBÌ

Kò sí ilé Ìjẹ̀bú tí kò mọ obì. Láti Ṣágámù ní Rẹ́mọ ni ọkọ̀ ti máa ń kó gbànja lọ sí Òkè Ọya láti ọjọ́ pípẹ́, àwọn oníṣòwò Hausa sì ti fi Sábó ibẹ̀ ṣe ibùjókòó. Darandaran, awakọ̀ ọ̀nà jíjìn àti ọdẹ òru mọ̀ pé bí a bá rún awẹ́ obì lẹ́nu, oorun á sá, ebi náà á sì fà sẹ́yìn.

Ohun tí ó ń ṣe iṣẹ́ yìí ni kaféìnì, ọ̀kan náà pẹ̀lú èyí tí ó wà nínú kọfí àti tíì. Nínú obì gbígbẹ, ó tó nǹkan bí ìwọ̀n méjì nínú ọgọ́rùn-ún. Kaféìnì ń dí ọ̀nà mọ́ èròjà tí ń mú oorun kun ènìyàn, ó sì ń ta iṣan jí. Àwọn onímọ̀ ti dán an wò fún ebi: ó lè mú kí ènìyàn jẹun díẹ̀ sí i níwọ̀n wákàtí mélòó kan, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ kéré, kì í sì í pẹ́. Bí ó bá ti mọ́ ni lára, ara kì í ka á sí mọ́. Ẹ wo àwọn bàbá tí ń jẹ obì láàárọ̀ àti lálẹ́. Ṣé gbogbo wọn ni ó tẹ́ẹ́rẹ́?

Àjọ tí ń ṣọ́ oúnjẹ ní Yúróòpù sọ ní ọdún 2015 pé kí àgbàlagbà má lo kaféìnì ju mìlìgíráàmù 400 lọ lóòjọ́, kí aláboyún má sì kọjá 200. Ẹni tí ó jẹ obì, tí ó mu kọfí, tí ó tún wá mu ohun mímu amárale inú agolo kan lé e, kò ní mọ ìgbà tí yóò kọjá ìwọ̀n yìí. Àyà á máa lù kìkì, ọwọ́ á máa gbọ̀n, oorun kò ní wá. Ẹni tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ọgbẹ́ inú kò gbọdọ̀ fi obì ṣe oúnjẹ rárá. Kí á fi obì ṣe àlejò, ó dára. Kí á fi dípò oúnjẹ ọ̀sán, kò dára.

ÀPỌ̀N

Ẹ̀yin ìyàwó ilé mọ àpọ̀n, èyí tí àwọn Ìgbò ń pè ní ọ̀gbọnọ̀. Inú kóró èso igi òro ni a ti ń yọ ọ́, tí a ń lọ̀ ọ́ fi se ọbẹ̀ tí ń yọ̀. Ó lè yà yín lẹ́nu pé lókè òkun, inú ìgò oògùn ni wọ́n ń kó o sí, wọ́n ń pè é ní máńgòrò Áfríkà, wọ́n sì ń tà á fún àwọn tí ó fẹ́ fọn.

Orílẹ̀-èdè Cameroon ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 2005, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Yaoundé gbé àyẹ̀wò wọn jáde. Ogójì ènìyàn ni wọ́n lò. Wọ́n fún méjìdínlọ́gbọ̀n nínú wọn ní àpọ̀n lílọ̀, ó lé díẹ̀ ní gíráàmù kan lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́, kí wọ́n tó jẹun. Wọ́n fún àwọn méjìlá yòókù ní ohun tí ó jọ ọ́ ṣùgbọ́n tí kò ní àpọ̀n nínú. Lẹ́yìn oṣù kan, àwọn tí ó lo àpọ̀n fi nǹkan bí ìwọ̀n márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún fúyẹ́, àwọn yòókù kò sì fi ju ìwọ̀n kan àti díẹ̀ lọ. Ohun tí wọ́n rò pé ó fà á ni okun inú àpọ̀n tí ń yọ̀, tí ń wú nínú omi, tí kì í jẹ́ kí oúnjẹ yára kúrò nínú ikùn. Ní ọdún 2009 wọ́n tún ṣe òmíràn pẹ̀lú ènìyàn 102 fún ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá, wọ́n sì ní ó tún ṣiṣẹ́.

Ẹ má tíì sáré lọ sí ọjà Òkè-Àjé o. Ní ọdún 2013, àwọn olùwádìí kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kó àyẹ̀wò mẹ́ta tí ó wà lórí àpọ̀n jọ, wọ́n yẹ̀ wọ́n wò fínnífínní. Wọ́n rí i pé àwọn tí a dán an wò lára kò pọ̀, àkókò kò gùn, àbùkù sì wà nínú bí a ṣe ṣe é. Ìdájọ́ wọn ni pé kò tíì tó ohun tí a lè fi gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kí ó lò ó láti fọn.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà. Nínú gíráàmù ọgọ́rùn-ún àpọ̀n, ó lé ní ọgọ́ta tí ó jẹ́ ọ̀rá. Gíráàmù kan nínú omi gbígbóná kí á tó jẹun yàtọ̀ pátápátá sí àwo ọbẹ̀ àpọ̀n tí a fi epo, ẹran àti pọ̀nmọ́ sè, tí òkèlè ń yọ̀ nínú rẹ̀ lọ bí ẹni ń sá. Ẹ máa jẹ àpọ̀n yín lọ, oúnjẹ rere ni. Kí ẹ má kàn kà á sí oògùn.

EWÉKO KAN NÍ ILẸ̀ GHANA

Nínú igbó Ghana, Togo àti Côte d'Ivoire, ewéko kan wà tí ń lọ́ mọ́ igi, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Griffonia. Àwọn ará ibẹ̀ máa ń lo ewé àti igi rẹ̀ fún ìwòsàn. Ní ọdún 1970, àwọn onímọ̀ kéde pé èròjà kan tí a ń pè ní 5-HTP pọ̀ nínú kóró rẹ̀. Ọpọlọ ń sọ èròjà yìí di serotonin, èyí tí ń fi ara balẹ̀ tí ó sì ń sọ fún ni pé a ti yó. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń kó kóró yìí lọ sí òkè òkun.

Ní Róòmù, ní ọdún 1992, àwọn dókítà dán èròjà yìí wò lára ogún ènìyàn tí ó sanra jù. Mìlìgíráàmù 900 ni wọ́n ń lò lóòjọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjìlá. Wọ́n jẹun dín, wọ́n sì fọn. Ṣùgbọ́n ogún ènìyàn kò tó láti fi ṣe òfin fún gbogbo ayé, èébì sì ń gbé ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ewu tí ó tóbi jù ni ti ẹni tí dókítà ti fún ní oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn. Bí ó bá fi 5-HTP lé e, serotonin lè pọ̀ jù nínú ara rẹ̀: ara á gbóná, iṣan á máa fà, ọkàn á máa sáré, ó sì lè gba ẹ̀mí.

EGBÒÒGÙN TÍ ILÉ IṢẸ́ ŃLÁ NÁ OWÓ LÉ LÓRÍ

Bóyá ẹnìkan yóò ní, “Ìwádìí tálákà nìyẹn, èyí tí àwọn olówó ṣe ńkọ́?” Ẹ gbọ́ ìtàn Hoodia. Ní aṣálẹ̀ Kalahari ní gúúsù Áfríkà, àwọn ènìyàn San máa ń jẹ ewéko ẹlẹ́gùn-ún kan bí wọ́n bá lọ sóko ọdẹ, kí ebi àti òǹgbẹ má bàa dà wọ́n láàmú. Àjọ ìwádìí ìjọba South Africa yọ èròjà kan nínú rẹ̀, wọ́n sọ ọ́ ní P57, wọ́n sì gba ìwé ẹ̀tọ́ lé e lórí ní àárín ọdún 1990 sí 2000. Ilé iṣẹ́ Phytopharm ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba àṣẹ rẹ̀ ní 1997, Pfizer dara pọ̀ mọ́ wọn ní 1998. Àwọn San tí wọ́n ni ìmọ̀ náà kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ìgbà tí wọ́n jà fún ẹ̀tọ́ wọn ni a tó bá wọn ṣe àdéhùn ní ọdún 2003, pé wọn yóò máa rí díẹ̀ nínú owó rẹ̀.

Ọdún 2003 náà ni Pfizer jáwọ́. Unilever gbà á ní 2004, òun náà jáwọ́ ní 2008. Nígbà tí wọ́n gbé èsì àyẹ̀wò kan jáde ní ọdún 2011, ọ̀rọ̀ yé gbogbo ayé. Obìnrin 49 ni wọ́n lò fún ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Àwọn tí ó mu Hoodia kò jẹun dín ju àwọn tí kò mu ún lọ, wọn kò sì fọn jù wọ́n lọ. Ohun tí wọ́n rí ni èébì, ẹ̀jẹ̀ tí ó ru sókè àti àyà tí ń yára lù.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ohun tí ọdẹ ń jẹ ní ọjọ́ kan tí kò rí oúnjẹ, kí ó lè padà délé, yàtọ̀ sí ohun tí ẹni tí oúnjẹ wà níwájú rẹ̀ yóò máa mu lójoojúmọ́ fún oṣù mẹ́fà. Bàbá ọdẹ kò purọ́. Àwa ni a gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kúrò ní àyè rẹ̀.

OHUN TÍ Ó ṢẸLẸ̀ NÍ BRUSSELS

Ìtàn yìí ni mo fẹ́ kí ẹ kà fún ẹni tí kò mọ̀wé nínú ilé. Láàárín ọdún 1990 sí 1992, àwọn obìnrin kan ń lọ sí ilé ìtọ́jú kan ní Brussels, olú-ìlú Belgium, láti fọn. Wọ́n ń fún wọn ní kápúsù tí a po egbòogi ilẹ̀ China mọ́. Àṣìṣe wọ inú egbòogi náà: dípò irú kan, òmíràn tí ń jẹ́ Aristolochia ni wọ́n lọ̀ sí i, nítorí pé orúkọ àwọn méjèèjì jọra ní èdè China. Kí á tó wí kí á tó fọ̀, kíndìnrín àwọn obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Ní ọdún 1993 ni àwọn dókítà kéde rẹ̀. Iye àwọn tí ó kàn tó ọgọ́rùn-ún, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì di ẹni tí ẹ̀rọ ń fọ ẹ̀jẹ̀ fún. Nígbà tí ó yá, àrùn jẹjẹrẹ tún yọ ní ojú ọ̀nà ìtọ̀ wọn: nínú 39 tí wọ́n yẹ̀ wò tí wọ́n sì kéde èsì wọn ní ọdún 2000, 18 ni wọ́n bá a lára wọn.

Àwọn obìnrin yìí kò ṣàìsàn tẹ́lẹ̀. Wọ́n kàn fẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ni.

EWU TÍ OJÚ KÒ RÍ

N kò kẹ́gàn àwọn onísègùn wa. Ọ̀pọ̀ oògùn tí ó wà nílé ìwòsàn lónìí, ara igi àti ewé ni a ti kọ́kọ́ rí i. Àgbo tí a ń tà nínú ìgò fún gbogbo ayé láì béèrè àìsàn ẹni tí ń rà á ni mo ń bá wí. Ewu mẹ́ta ni ó wà nínú rẹ̀.

Èkíní, a kò mọ ìwọ̀n. Àgbo òní lè le ní ìlọ́po mẹ́ta ju ti àná lọ.

Èkejì, púpọ̀ nínú àgbo àti tíì amúnifọn, ìgbẹ́ ni ó ń yà ni, bí ti ewé àsunwọ̀n. Omi àti iyọ̀ ara ni ènìyàn ń sọ nù, kì í ṣe ọ̀rá. Ìwọ̀n á wálẹ̀ lónìí, á padà gòkè ní ọ̀túnla bí a bá ti mu omi. Bí iyọ̀ kan báyìí bá sì dín kù jù nínú ẹ̀jẹ̀, ọkàn lè dáṣẹ́ sílẹ̀.

Ẹ̀kẹta, àwọn oníwà ìbàjẹ́ máa ń lọ oògùn òyìnbó pamọ́ sínú àgbo. Sibutramine jẹ́ ọ̀kan. Wọ́n gbà á kúrò lọ́jà ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ní ọdún 2010 nítorí pé ó ń fa ìkọlù ọkàn àti rọpárọsẹ̀. Síbẹ̀, àwọn aláṣẹ ní onírúurú orílẹ̀-èdè ti bá a nínú kápúsù tí a kọ “ewé lásán” sí lára.

Ohun tí kò bá ní nọ́ńbà NAFDAC, ẹ má fẹnu kàn án. Èyí tí ó bá sì ní in, ẹ rántí pé nọ́ńbà lára ìgò àgbo kò túmọ̀ sí pé a ti dán an wò kí á sì rí i pé ó ń dín ọ̀rá kù.

KÍ NI KÍ Á WÁ ṢE?

Ẹ kọ́kọ́ mọ ìwọ̀n yín. Ẹni tí ó ga ní mítà 1.60, bí ó bá kọjá kílò 64, ó ti ń sanra jù. Bí ó bá kọjá 77, ó ti di ohun tí dókítà gbọ́dọ̀ mọ̀ sí. Kò pọn dandan kí ẹ padà di ọmọ ogún ọdún. Bí ẹni tí ó wọn kílò 90 bá lè fi kílò márùn-ún fúyẹ́, ẹ̀jẹ̀ ríru àti ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yóò rí ìtura. Ààbọ̀ kílò sí kílò kan lọ́sẹ̀ ti tó. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọ ọgbà.

Ní ti oúnjẹ, ohun tí ń wú nínú ikùn kò jìnnà sí wa. Ẹ̀wà ń pẹ́ nínú ikùn ju èbà lọ. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀fọ́ gba ìdajì àwo, kí òkèlè dín kù sí ìwọ̀n ìkúùkù kan. Ìkòkòrẹ́ wa dára, bí epo inú rẹ̀ kò bá pọ̀ jù tí ẹja sì wà níbẹ̀. Gàrí Ìjẹ̀bú pẹ̀lú omi tútù àti ṣúgà máa ń wú lóòótọ́, ṣùgbọ́n ebi rẹ̀ kì í pẹ́ padà; bí ẹ ó bá mu ún, ẹ yọ ṣúgà kúrò, kí ẹ sì fi ẹ̀pà àti ẹja díndín díẹ̀ tì í. Ẹ mu omi kí ẹ tó jẹun. Ẹ fi ogún ìṣẹ́jú jẹun. Ẹ fi ẹsẹ̀ rìn fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lójúmọ́, ó kéré tán ní ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀.

Àwọn tí kò gbọdọ̀ mu ohunkóhun láti lé ebi láì rí dókítà ni aláboyún, abiyamọ tí ń fún ọmọ lọ́yàn, ọmọdé, ẹni tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ, àrùn ọkàn, ẹ̀dọ̀ tàbí kíndìnrín, àti ẹni tí ń lo oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn. Bí ẹ bá sì ti ń mu nǹkan kan tẹ́lẹ̀, tí ìtọ̀ yín dín kù, tí ojú tàbí ẹsẹ̀ yín wú, tí ojú yín pọ́n tàbí tí àyà yín ń já, ẹ dáwọ́ rẹ̀ dúró lọ́jọ́ náà. Ẹ gbé ìgò rẹ̀ dání lọ sí ilé ìwòsàn, kí dókítà lè rí i. Ẹ má ṣe fi í pamọ́ nítorí ìtìjú.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù. Bí oúnjẹ bá kàn ṣàdédé di ohun tí ẹ kò fẹ́ mọ́, tí ẹ sì ń fọn láì wá a, ẹ má yọ̀ o. Ikọ́ ẹ̀gbẹ àti àtọ̀gbẹ máa ń fi irú àmì bẹ́ẹ̀ hàn. Àyẹ̀wò ni kí ẹ lọ ṣe.

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.